Ta Ni Ó Sọ Pé O Kò Ní Etí Orin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Ìwọ kò ní etí orin." Bí olórí akọrin bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí a sọ ọ́ sí yóò ká aṣọ akọrin rẹ̀, yóò dá a padà, yóò sì lọ jókòó sí ẹ̀yìn ìjọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà láàárín wa tí wọn kì í la ẹnu wọn nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń kọrin, nítorí pé olùkọ́ kan fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe wọn. Wọ́n ti di bàbá àti ìyá àgbà báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lára wọn.

Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú àwọn tí a ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ni wọ́n ní etí. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tí yóò kọ́ etí náà. Òtítọ́ ni pé àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí ọpọlọ wọn kì í lè ya ohùn orin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ rárá. Fún àwa tí ó kù, gbígbọ́ orin jẹ́ ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí ìwé kíkà ti jẹ́ ẹ̀kọ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ènìyàn lè gbọ́ ohùn méjì, kí ó sì mọ bí ọ̀kan ti jìnnà tó sí èkejì. Ìjìnnà yìí ni mo ń pè ní àlàfo ohùn.

KÍ NI ÀLÀFO OHÙN?

Ẹ jẹ́ kí a fi àkàbà ṣe àpẹẹrẹ. Nínú sol-fa, orúkọ méje ni ó wà lórí àkàbà: doh, ray, me, fah, soh, lah, te. Bí a bá gun te kọjá, orí doh mìíràn ni a óò tún bọ́ sí, ọ̀kan tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá fẹ́ mọ àlàfo tí ó wà láàárín ohùn méjì, a óò ka orúkọ wọn, a óò sì ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin mọ́ ọn. Láti doh dé me jẹ́ àlàfo olóhùn mẹ́ta. Láti doh dé soh jẹ́ àlàfo olóhùn márùn-ún. Láti doh ìsàlẹ̀ dé doh òkè jẹ́ àlàfo olóhùn mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ìgbésẹ̀ àkàbà yìí kò dọ́gba, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ lọ wo kíbọ́ọ̀dù tí ó wà ní ilé ìsìn yín. Ẹ óò rí i pé kíì dúdú máa ń wà láàárín àwọn kíì funfun, àyàfi ní ibi méjì. Bí a bá fi C ṣe doh, ibi méjì náà ni àárín me àti fah, àti àárín te àti doh. Ìgbésẹ̀ kékeré ni ti ibẹ̀. Àwọn tí ó kù jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ìgbésẹ̀ kékeré láti doh dé doh, 12 ni. Láti doh dé soh jẹ́ 7, láti doh dé fah jẹ́ 5, láti doh dé me jẹ́ 4. Me sí soh náà jẹ́ àlàfo olóhùn mẹ́ta bí a bá ka orúkọ, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kékeré 3 péré ni ó jẹ́, kò pé 4 bí ti doh sí me. Nítorí náà, àlàfo olóhùn mẹ́ta ńlá wà, ti kékeré sì wà. Etí tí a kọ́ yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kí ojú tó wo ìwé.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ibikíbi tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ orin, àlàfo kì í yí padà. Bí ìyá àgbà bá dá orin náà ní ìsàlẹ̀, tí ọmọdébìnrin kan sì dá a ní òkè réré, doh sí soh wọn jẹ́ 7 síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fi lè tẹ bọ́tìnnì tí ń gbé orin sókè tàbí sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa tẹ kíì kan náà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà olórin kan ń bínú sí bọ́tìnnì náà. Èmi kò bá a jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ lára ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn. Akọrin ní láti gbé àlàfo náà sínú etí ara rẹ̀.

Kí n má gbàgbé: àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí aago bá dún, wọn yóò sọ orúkọ ohùn rẹ̀ fún ọ láìwo dùùrù kankan. Irú wọn ṣọ̀wọ́n, láti kékeré sì ni ó ti máa ń hàn lára wọn. Ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ níbí. Ẹni tí kò ní irú etí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gá nínú orin, bí ó bá ṣáà ti mọ àlàfo.

ÈDÈ WA TI BẸ̀RẸ̀ IṢẸ́ NÁÀ

Gbogbo ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwé nílẹ̀ Yorùbá ni a ti kọ́ ní àmì ohùn: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí yẹ̀ wò: ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń jẹun, ọwọ̀ ni a fi ń gbálẹ̀, ọ̀wọ̀ ni à ń fún àgbà. Lẹ́tà kan náà ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí a bá ní kí ọmọ kékeré lọ mú ọwọ̀ wá, kò ní na ọwọ́ rẹ̀ sí wa. Ta ni ó kọ́ ọ? Kò sí ẹni tí ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé. Etí rẹ̀ ni ó fi gbọ́ pé ohùn kejì lọ sílẹ̀, kò lọ sókè.

Arábìnrin kan wà ní ìjọ kan tí mo ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn rí, aláṣọ ni lọ́jà, ohùn áltò ni ó sì ń kọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn sí i lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó sì tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. N kò bá a wàásù. Mo pa ẹnu mi dé, mo sì fi imú kùn "Ẹ káàárọ̀ mà" láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Kíá ni ó dá mi lóhùn pé, "Káàárọ̀ sà." Mo tún kùn "Ẹ kú iṣẹ́." Ó gbà á. Mo kùn orúkọ ọmọ rẹ̀ àgbà, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún un pé, "Màmá, etí tí ó gbọ́ ìyẹn, kí ni a ó ti sọ pé kò sí?"

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Dò, re, mí ti èdè wa kì í ṣe doh, ray, me ti orin gan-an. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n wọn bí mí ti jìnnà tó sí dò. Ẹni tí inú ń bí yóò fẹ̀ ẹ́, arúgbó tí ó ti rẹ̀ yóò sún un mọ́ra, a ó sì gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Orin kò rí bẹ́ẹ̀. Doh sí me jẹ́ ìgbésẹ̀ kékeré 4 lónìí, 4 ni yóò jẹ́ lọ́la. Bí ó bá fi díẹ̀ dín, gbogbo ìjọ yóò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ lè sọ ohun náà. Èdè wa ti kọ́ etí ní ibi tí ohùn ń lọ, yálà òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Bí ó ti lọ jìnnà tó ni ó kù tí a ní láti kọ́. Ìdajì iṣẹ́ ni, ó sì ti wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin náà kò kúrò. Arákùnrin kan tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù gbà láti máa tètè dé ṣáájú ìfidánrawò, kí ó sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlàfo kan ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò sáré. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu òjijì. Oṣù bíi mélòó kan ni ó gbà. Nígbà tí ó yá, òun ni àwọn áltò yòókù ń tẹ́tí sí nígbà tí ọ̀nà bá dàrú mọ́ wọn lójú.

Bí ẹ bá tún fẹ́ rí bí etí Yorùbá ti mú tó, ẹ wo onígángan. Ọṣán tí ó wà lára ìlù ni ó ń fi apá rẹ̀ fún. Bí ó bá fún un, awọ yóò le, ohùn yóò sì ga. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò lọ sílẹ̀. Kò sí àmì kankan lára ìlù náà tí ó sọ fún un pé, "Dúró níbí." Láti kékeré ni àwọn ọmọ ilé Àyàn ti ń jókòó ti bàbá wọn, tí wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n sì ń ṣe é padà. Ìyẹn náà jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ etí, ó sì ti wà kí sol-fa tó dé ọ̀dọ̀ wa.

ÀWỌN TÍ Ó TI KỌ́ Ọ ṢÁÁJÚ WA

Àwọn kan rò pé bí a bá ti ní Ẹ̀mí, a kò nílò ẹ̀kọ́ orin mọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí Ìwé Kíróníkà Kìíní orí 25. Ibẹ̀ ni a ti rí àwọn ọmọ Ásáfù, ti Hémánì àti ti Jédútúnì, tí iye wọn jẹ́ 288, tí a kọ́ ní orin Olúwa títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ kẹjọ sọ pé wọ́n ṣẹ́ kèké fún iṣẹ́ wọn, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bákan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ wà láàárín wọn. Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní orí 14 ẹsẹ̀ 7, fi fèrè àti háàpù ṣe àkàwé: bí ohùn wọn kò bá ní ìyàtọ̀, ta ni yóò mọ ohun tí à ń fọn tàbí tí à ń ta? Ọ̀rọ̀ ahọ́n àti ìtumọ̀ ni ó ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó mú jẹ́ ti ìyàtọ̀ ohùn.

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní ilẹ̀ Ítálì, ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn kan wà tí a ń pè ní Guido, ará Arezzo. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ń kọrin nínú ilé ìsìn máa ń lo ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀kọ́ náà, síbẹ̀ wọn kò lè dá kọ orin tí ẹnì kan kò bá kọ sí wọn létí rí. Ohun tí ó ṣe kò le rárá. Ó mú orin kan tí wọ́n fi ń rántí Jòhánù Onítẹ̀bọmi, nínú èyí tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn tí ó fi ìgbésẹ̀ kan ga ju ti ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó mú sílébù àkọ́kọ́ nínú ìlà mẹ́fà, ó sì sọ wọ́n di orúkọ ohùn: ut, re, mi, fa, sol, la. Bí ọmọ kan bá ti mọ orin náà sórí, gbogbo àkàbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ọ̀nà yìí lè sọ ọmọ di akọrin gidi láàárín ọdún kan, tàbí méjì bí ó bá pẹ́ jù. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ Póòpù John XIX, ẹni tí ó ránṣẹ́ pè é wá sí Róòmù.

Sol-fa tí àwa mọ̀ lónìí wá láti ọwọ́ obìnrin kan. Sarah Glover ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ìsìn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà rẹ̀ ní 1835. Ní 1841, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe ìpàdé ní ìlú Hull, wọ́n sì rán òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọ̀dọ́ kan, John Curwen, pé kí ó wá ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ láti fi kọ́ àwọn ọmọ àti ìjọ ní orin. Iṣẹ́ Sarah Glover ni ó mú, ó tún un ṣe, ó fi àmì ọwọ́ kún un. Ẹ̀ṣẹ́ dídì ni doh. Me jẹ́ ọwọ́ tí a tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Àwọn míṣọ́nárì sì gbé sol-fa yìí kiri ilẹ̀ Áfíríkà. Kí ẹ rántí pé nítorí àwọn ọmọdé àti àwọn tálákà tí kò lè ra dùùrù ni a ṣe dá a sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé nǹkan àtijọ́ ni.

ORIN TÍ Ó Ń YÍ Ọ̀RỌ̀ PADÀ

Ìdí mìíràn wà tí àlàfo fi kan àwa Yorùbá ju àwọn tí ó fún wa ní orin wọn lọ. Nígbà tí a túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí èdè wa, ohùn orin òyìnbó ni a gbé wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí orin bá lọ sílẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó lọ sókè, ọwọ́ Olúwa yóò di ọwọ̀ Olúwa létí olùgbọ́. Àwọn tí ó ti mọ orin náà láti kékeré kì í kíyè sí i mọ́. Àlejò tí ó kọ́kọ́ wọlé ni yóò máa wo ojú wa.

Thomas Ekundayo Phillips, tí ó jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, ìlú Èkó, láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún rò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, àwọn orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ sì ń tọ ipasẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀. Ṣáájú rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ẹni tí ó lọ gba orin ìsìn Yorùbá sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àwọn ẹni wọ̀nyí gbọ́ orin pẹ̀lú etí méjì: èyí tí ó gbọ́ àlàfo orin àti èyí tí ó gbọ́ ohùn èdè. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń kọ orin tuntun lójoojúmọ́, èyí sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ bóyá orin rẹ̀ fi ìgbésẹ̀ méjì tàbí márùn-ún sọ̀kalẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ó ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́?

BÍ A TI Ń KỌ́ ETÍ

Ọ̀nà Guido náà ni ó ṣì dára jùlọ: fi orin tí o ti mọ̀ mú àlàfo tí o kò tíì mọ̀.

Ẹ mú orin "Mímọ́, Mímọ́, Mímọ́" tí gbogbo wa mọ̀. John Dykes ni ó ṣe ohùn rẹ̀, ó sì jáde ní 1861. Mímọ́ àkọ́kọ́ wà lórí doh, ìkejì wà lórí me, ìkẹta wà lórí soh. Láti ti àkọ́kọ́ sí ìkejì jẹ́ àlàfo olóhùn mẹ́ta ńlá. Láti ìkejì sí ìkẹta jẹ́ ti kékeré. Láti ti àkọ́kọ́ tààrà sí ìkẹta jẹ́ olóhùn márùn-ún. Àlàfo mẹ́ta nínú ìlà kan! Ẹ sì tún wo nǹkan mìíràn: sílébù méjèèjì nínú "mímọ́" jẹ́ ohùn òkè, wọ́n dọ́gba, orin náà sì fún wọn ní ohùn méjì tí ó dọ́gba. Níbẹ̀ yẹn, orin òyìnbó bá èdè wa mu bí ẹni pé a wọ̀n ọ́n.

"Amazing Grace" bẹ̀rẹ̀ láti soh ìsàlẹ̀ sí doh. Àlàfo olóhùn mẹ́rin nìyẹn, ìgbésẹ̀ kékeré 5. Orin ọmọdé tí ó sọ fún wa pé Jésù fẹ́ràn wa, èyí tí William Bradbury ṣe ohùn rẹ̀ ní 1862, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú soh tí ó já sórí me, àlàfo olóhùn mẹ́ta kékeré tí ń lọ sílẹ̀. Ní ti "Joy to the World", ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ gbogbo àkàbà kalẹ̀ láti doh òkè dé doh ìsàlẹ̀, láìfo ìgbésẹ̀ kankan.

Orin Kérésìmesì tí ń pe àwọn olóòótọ́ wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni mo fẹ́ràn jùlọ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sórí soh kan náà. Ní àkọ́kọ́, láti orí doh ni ó ti ṣubú, olóhùn mẹ́rin. Ní ìkejì, láti orí ray ni ó ti ṣubú, olóhùn márùn-ún. Ilẹ̀ kan náà ni ó já sí, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró lórí ìṣubú kọ̀ọ̀kan, ẹ óò gbọ́ pé ìkejì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyàtọ̀ yìí, etí rẹ̀ ti là.

Ní ti doh sí doh òkè, ẹ kò nílò orin kankan. Nígbà tí àwọn bàbá àti àwọn ìyá bá jùmọ̀ ń kọ ohùn kan náà nínú ìjọ, àlàfo olóhùn mẹ́jọ ni ó sábà máa ń wà láàárín wọn. Ó bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi kà á sí ohùn kan. Ẹni tí ó ní gìtá lè fi ojú rí i: bí ó bá tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní ojú irin kejìlá, ní ìdajì okùn náà gééré, doh òkè ni yóò dún. Ní ojú irin keje, soh ni. Ní ìkarùn-ún, fah ni.

Kí a má kọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú doh sí doh àti doh sí soh, títí tí etí kò fi ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi doh sí me kún un, lẹ́yìn náà doh sí fah, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú fún doh sí soh. Àlàfo olóhùn mẹ́ta ńlá àti kékeré yóò gba sùúrù. Fah sí te ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ kékeré 6 ni, ìdajì àkàbà gééré, ó sì máa ń dún bí ohun tí kò rí ibi jókòó sí. Àwọn olórin àtijọ́ ní Yúróòpù fi orúkọ èṣù pè é. Èmi kò rí èṣù kankan níbẹ̀. Ó máa ń wà nínú kọ́ọ̀dù tí ó sábà ń ṣáájú kọ́ọ̀dù ìparí nínú orin ìsìn wa, ara rẹ̀ tí kò balẹ̀ ni ó sì ń mú kí ìparí náà dùn.

Ní ọjọ́ òní, àwọn ètò wà lórí fóònù tí yóò dún ohùn méjì, tí yóò sì bi ọ́ léèrè àlàfo wọn. Wọ́n wúlò. Ṣùgbọ́n kí akọrin máa fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohun tí ó gbọ́, kí ó má kàn máa tẹ ìdáhùn. Ohun tí ọ̀fun kò bá ṣe rí, etí kì í dì í mú pẹ́.

FÚN ẸGBẸ́ AKỌRIN

Mo mọ ìjọ kan tí olórí akọrin wọn jẹ́ ọlọ́gbọ́n ènìyàn. Gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sopránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì, òun ni ó ń kọ ọ́ sí wọn létí títí tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Orin wọn dùn púpọ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà, orin àtijọ́ ni ẹgbẹ́ náà ń kọ. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ kọ́ tuntun. Ìwé sol-fa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wo s àti d tí a kọ síbẹ̀ kí ó sì gbọ́ àlàfo wọn nínú orí rẹ̀. Bí olórí akọrin bá ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ ọ́, yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò nínú ìfidánrawò kọ̀ọ̀kan fún etí. Na ọwọ́ bí Curwen ti kọ́ wa, kí wọ́n kọ ohun tí ọwọ́ rẹ sọ. Má ṣe dárúkọ ẹni tí ó ṣì í.

Orin tí ń rẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí dùùrù náà, ọ̀rọ̀ àlàfo ni. Bí wọ́n bá ń gòkè, wọn kì í gòkè tó. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń sọ̀ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni, títí tí àwọn báàsì yóò fi máa wá ohùn tí kò sí nínú àyà wọn. Me àti te ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́.

FÚN ILÉ

Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, kí ìyá tàbí bàbá kùn ohùn méjì, kí àwọn ọmọ sọ bóyá ìkejì ga tàbí ó rẹlẹ̀. Àwọn kékeré kò nílò ju ìyẹn lọ. Àwọn tí ó ti tó ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè sọ àlàfo, pàápàá bí a bá fún wọn ní orin tí wọn yóò fi dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà kí àwọn ọmọ kùn, kí àwọn òbí dáhùn. Apá yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ràn jùlọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Bí àwọn ọmọ bá gbà á, tí ìyá náà gbà á, tí bàbá nìkan ṣì í, kí wọ́n kùn ún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó pa iná.